Ẹni tí ó Tú Ìdì Òfin: Ọ̀rọ̀ lórí Ọ̀jọ̀gbọ́n Jádesọlá Àkàndé

Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Nígbàkígbà tí mo bá ronú sí ìwé òfin tí a fi ń ṣàkóso ilẹ̀ Nàìjíríà, ìlù àgídìgbo yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn, nítorí pé orúkọ gbogbo wa ni wọ́n fi kọ ìwé náà, ṣùgbọ́n èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó lè túmọ̀ rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí òfin ń dáàbò bò lè jìyà títí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láìmọ̀ pé ilé òun gan-an ni òun dúró tì. Bí ẹnì kan bá wá fi ọjọ́ ayé rẹ̀ jókòó ti irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí ó ń tú u ní abala abala, tí ó ń fa onílé lọ́wọ́ wọlé, tí ó ń sọ fún un pé yàrá rẹ nìyí, àgbàlá rẹ nìyẹn, oore tí kò ṣeé díyelé ni ẹni náà ṣe. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín lónìí, èyí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Jádesọlá Ọláyínká Àkàndé, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin ní Nàìjíríà.

Ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 1940 ni a bí wọn sí Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, Mẹ́sì Ọ̀gọ̀, ìlú àwọn jagunjagun, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í fi ìran jọba, bí kò ṣe pé kí olúkúlùkù gun àkàbà oyè láti orí Mọ́gàjí títí dé orí ìtẹ́ Olúbàdàn, bí ẹni tí ó ti ìlà Balógun wá bá sì jẹ lónìí, ìlà Olúbàdàn ni yóò kàn lọ́la. Àwọn baba ńlá tí ó dá ètò yìí sílẹ̀ kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan, síbẹ̀ òfin ìpìlẹ̀ ni, nítorí pé gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n, gbogbo ìlú sì gbà pé ọba pàápàá wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú òfin tí a kò kọ yìí ni oyè Ìyálóde wà, oyè tí ó fún àwọn obìnrin ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ ìlú, oyè tí Ẹfúnṣetán Aníwúrà jẹ ní ayé ogun, tí òkìkí rẹ̀ kò sì tíì parẹ́ títí di òní.

Ẹni bíni là á jọ, bí a kò bá jọ ẹni bíni, à á jọ ẹni tí a bí. Ìyá tí ó bí Jádesọlá ni Olóyè Wúràọlá Esan, olùkọ́ tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1944, ilé ẹ̀kọ́ tí gbogbo ará ìlú mọ̀ ní Mọ̀lété títí di òní olónìí, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ òbí ń sọ pé kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe nígbà tí ó jẹ́ pé ilé ọkọ ni yóò gbé e lọ. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọdún 1960, ìyá yìí kan náà ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jókòó nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ilẹ̀ wa, láàrin ọ̀pọ̀ ọkùnrin, òun nìkan bí igi àràbà láàrin ọgbà. Nígbà tí ó sì di ọdún 1975, wọ́n fi í jẹ Ìyálóde ilẹ̀ Ìbàdàn, ó sì wà lórí oyè náà títí ó fi papò dà ní ọdún 1985. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọdún 1975 yẹn sí ìkáwọ́ yín, n ó padà sí i láìpẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ St. Anne ní Ìbàdàn wà lára ibi tí Jádesọlá ti kàwé kí wọ́n tó rékọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti parí ẹ̀kọ́ girama ní ìlú Barnstaple ní ẹkùn Devon, tí wọ́n sì gba ibẹ̀ wọ University College ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1963 ni wọ́n gba oyè ìmọ̀ òfin jáde, ọdún kan náà tí Nàìjíríà bọ́ kúrò lábẹ́ adé ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì tí ó di orílẹ̀-èdè olómìnira pátápátá, tí ó sì tún tìtorí bẹ́ẹ̀ kọ ìwé òfin mìíràn. Ẹ bá mi kà á láti ayé àwọn amúnisìn: ìwé òfin ti Clifford ní 1922, ti Richards ní 1946, ti Macpherson ní 1951, ti Lyttelton ní 1954, ti òmìnira ní 1960, àti ti 1963 yìí; ìwé òfin mẹ́fà láàrin ọdún mọ́kànlélógójì. Orílẹ̀-èdè tí ń pààrọ̀ òfin bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ nílò ẹni tí yóò máa rántí èyí tí ó bọ́ sílẹ̀, tí yóò máa yẹ èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ wò, tí yóò sì lè sọ ibi tí okùn rẹ̀ ti tú. Iṣẹ́ tí ọ̀dọ́mọbìnrin yìí yàn nìyẹn. Orúkọ wọn sì ro wọ́n, nítorí pé ẹni tí a bá pè ní Jádesọlá, inú ọlá ni ó yẹ kí ó jáde sí, ọlá tí wọ́n sì jáde sí ni ọlá ìmọ̀.

Bóyá ẹlòmíràn nínú yín yóò bi mí pé, kí ni iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ìjọba gan-an? Lọ́yà ń ro ẹjọ́ fún ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, adájọ́ ń dá ẹjọ́ tí wọ́n bá gbé wá síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ìjọba a máa jókòó ti ìpìlẹ̀ tí lọ́yà àti adájọ́ jọ dúró lé. Òun ni ó ń béèrè pé ta ni ó fún ọba ní agbára, ibo ni agbára náà pin sí, ta ni ó sì lè mú ọba bí ọba bá ṣi agbára lò. Àwọn Yorùbá kò ṣàjèjì sí ìbéèrè wọ̀nyí, nítorí pé ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí Aláàfin ti jẹ́ igbákejì òrìṣà tó nì, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, lè kọ̀ ọ́, bí wọ́n bá sì ti kọ̀ ọ́, ó di dandan kí ó ṣí ipò. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì náà sì ń wo ojú Ògbóni. Ohun tí àwọn baba wa fi ìṣe ṣe ni ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ń wá nínú ìwé.

Yunifásítì Èkó ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Àkàndé ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ olùkọ́ wọn. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Láàrin àwọn ọkùnrin tí ó kún iṣẹ́ òfin nígbà náà ni wọ́n ti gun àtẹ̀gùn náà ní ìpele ìpele títí wọ́n fi dé ibi tí obìnrin kankan kò tíì dé rí ní ilẹ̀ wa.

Wàyí o, mo ní kí ẹ fi ọdún 1975 sí ìkáwọ́. Nígbà náà, àwọn ológun ti lo bí ọdún mẹ́wàá lórí àléfà, ìjọba Múrítàlá Mohammed sì fẹ́ múra àtidá agbára padà fún alágbádá, ni wọ́n bá yan àádọ́ta ènìyàn pé kí wọ́n kọ àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ fún ìwé òfin tuntun. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kò gbà láti bá wọn jókòó, ó wá ku mọ́kàndínláàádọ́ta, tí Olóyè Rótìmí Williams jẹ́ alága wọn. Amòfin wà nínú wọn, ọ̀mọ̀wé wà nínú wọn, olóṣèlú wà nínú wọn, wọ́n tìhà àríwá àti tìhà gúúsù wá. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo mọ́kàndínláàádọ́ta wọn, obìnrin kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀ dáadáa: ní ọdún náà gan-an tí Ìbàdàn, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ kò kọ òfin wọn sínú ìwé, ń fi ìyá wa Wúràọlá Esan jẹ Ìyálóde, ìjọba àpapọ̀, tí ó fẹ́ kọ òfin sínú ìwé, kò rí obìnrin kankan pè. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, síbẹ̀ wọ́n fẹ́ fá orí ìdajì àwọn ènìyàn Nàìjíríà lẹ́yìn wọn. Nígbà tí a ń wí yìí, àwọn obìnrin ìhà àríwá kò tíì dìbò rí láyé wọn. Ọdún 1976 ni wọ́n tó fún wọn ní ẹ̀tọ́ náà, wọ́n sì lò ó nínú ìdìbò ọdún 1979.

Mo gbà gbọ́ pé àlàfo yìí ni ó sọ iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Àkàndé di ohun tí ó dà. Nígbà tí wọ́n kò pe obìnrin sí ibi tí a ti ń kọ òfin, obìnrin kan yàn láti di ẹni tí ó mọ òfin náà ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ ọ́ lọ. Ní ọdún 1979, iṣẹ́ ìwádìí wọn lórí òfin àti ipò obìnrin ní Nàìjíríà jáde. Nígbà tí ó di ọdún 1982, wọ́n tẹ ìwé ńlá kan fún wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé tí ó mú ìwé òfin ọdún 1979, tí ó ní abala 279, tí ó sì ń ṣe àlàyé rẹ̀ ní abala kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ṣe irú iṣẹ́ yìí rí kò lè mọ làálàá tí ó wà nínú rẹ̀: kí a mú gbólóhùn òfin kan, kí a wá ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá nínú àwọn òfin àtijọ́, kí a wo ohun tí adájọ́ ti sọ nípa rẹ̀, kí a wo ibi tí ó ti bá abala mìíràn jà, kí a sì wá fi ọ̀rọ̀ tí ó yéni kọ ọ́ sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ àti adájọ́ lè jọ rí i kà.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó wá ṣẹlẹ̀. Inú ọdún 1982 ni ìwé náà jáde; nígbà tí ó di ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1983, àwọn ológun tún gbàjọba, òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ṣe ní ọdún 1984, ńṣe ni wọ́n fi í so ọ̀pọ̀ nínú ìwé òfin 1979 rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni abala kìíní ìwé òfin náà gan-an ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ìṣàkóso Nàìjíríà bí kò ṣe ní ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ṣùgbọ́n ìbọn ni ó wó èyí, kì í ṣe ìrì. Ẹlòmíràn ì bá sọ pé asán ni òun ṣe, pé ìmọ̀ òfin kò wúlò níbi tí sójà ti ń pàṣẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Àkàndé kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń kọ́ni lọ, wọ́n ń kọ̀wé lọ, nítorí pé àkókò tí ilé bá wó gan-an ni a nílò ẹni tí ó rántí bí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti rí.

Ní ọdún 1989, wọ́n fi wọ́n ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́, yunifásítì tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà náà, wọ́n sì tù ú títí di ọdún 1993. Ṣáájú wọn, obìnrin kan ṣoṣo ni ó ti jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ rí ní Nàìjíríà, èyí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Alele-Williams tí ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Benin ní ọdún 1985. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ tí ń rí sí ọ̀ràn obìnrin, òfin àti ìdàgbàsókè, wọ́n sì tún ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ń darí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́.

Nígbà tí àwọn ológun wá ń palẹ̀ mọ́ ní ọdún 1999, ìwé òfin mìíràn ni wọ́n fi àṣẹ gbé lé wa lọ́wọ́, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún náà, tí ó ní abala 320, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jọ ti 1979 bí ìbejì ti í jọ ìkejì rẹ̀. Ní ọdún 2000, Ọ̀jọ̀gbọ́n Àkàndé ti tún gbé ìwé jáde láti fi mú kí ará ìlú mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ni wọ́n nígbà náà, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ọmọ ọdún méjìlélógójì ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ mélòó kan wá nínú ìwé òfin tí ó wà lọ́wọ́ wa yìí, kí ẹ lè rí ìdí tí ó fi yẹ kí irú ojú bẹ́ẹ̀ wà lára rẹ̀. Abala 42 sọ pé a kò gbọdọ̀ torí pé ẹnì kan jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin kí a fi ìyà tí a kò fi jẹ ẹlòmíràn jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí abala 26, ẹ ó rí i pé bí ọkùnrin ọmọ Nàìjíríà bá fẹ́ ìyàwó láti ìlú òkèèrè, òfin la ọ̀nà fún ìyàwó náà láti forúkọ sílẹ̀ kí ó sì di ọmọ Nàìjíríà. Bí ó bá jẹ́ pé obìnrin ọmọ Nàìjíríà ni ó fẹ́ ọkọ láti òkèèrè, abala náà kò la irú ọ̀nà yìí fún ọkọ rẹ̀. Ẹ tún ṣí abala 29, níbi tí òfin ti sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ kọ jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, tí ó sì tún fi kún un pé obìnrin tí ó bá ti lọ́kọ, kí a kà á sí àgbàlagbà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, bí ọmọdébìnrin bá wà nílé ọkọ, ṣé ọkọ ni ó ń sọ ọmọdé di àgbà? Ohun tí ojú ìyá ì bá tètè rí ni èyí, bí ìyá bá wà níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́.

Ohun kan sì wà tí ó máa ń yà mí lẹ́nu. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ òfin yìí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tọ́ka sí ọkùnrin nìkan ni wọ́n lò fún Ààrẹ, òun náà ni wọ́n lò fún gómìnà. Àmọ́ bí a bá fi èdè Yorùbá kọ ọ́, a ó sọ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ó gbọ́dọ̀ kàwé dé ibi báyìí. “Ó” yẹn kò sì bi ẹnikẹ́ni bóyá gèlè ni ó wé tàbí fìlà ni ó dé. Èdè tiwa ti fún obìnrin ní ìjókòó kí òfin tó ronú kàn án, gẹ́gẹ́ bí Ìbàdàn ti fún Ìyálóde ní ìjókòó tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tí ó kan gbogbo wa wá, tọkùnrin tobìnrin. Abala 35 sọ pé bí àwọn agbófinró bá mú ènìyàn, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un láàrin wákàtí mẹ́rìnlélógún, ní èdè tí ó yé ẹni náà. Bí kóòtù bá sì wà láàrin ogójì kìlómítà sí ibi tí wọ́n há a mọ́, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé e dé iwájú adájọ́. Abala 36 fi kún un pé bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ ní kóòtù, a gbọ́dọ̀ wá ògbufọ̀ fún un láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀? Mélòó ni ó ti sùn sí àtìmọ́lé ní ọjọ́ mélòó kan, tí àwọn ẹbí rẹ̀ ń sunkún kiri, tí kò sì sí ẹni tí ó lè ṣí ẹnu béèrè pé abala wo ni ẹ fi dè é mọ́lẹ̀? Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ òfin, ẹkún ni yóò sun títí, kò ní mọ ibi tí yóò wò.

Ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2008 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Jádesọlá Àkàndé jáde láyé, ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Erin wó, àjànàkú sùn bí òkè. Àwọn àgbà sì ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún gbogbo wa ni àwọn ìwé tí wọ́n kọ àti àwọn ènìyàn tí wọ́n kọ́, tí wọ́n ti di lọ́yà àti olùkọ́ níbi gbogbo.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín kí n tó dágbére. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá, ẹ jẹ́ kí abala 33 títí dé 46, níbi tí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn wà, di ohun tí ọmọ yóò kà ní èdè abínibí rẹ̀ kí ó tó jáde nílé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin aṣòfin ìpínlẹ̀ wa, abala 97 gbà yín láàyè láti fi èdè ìpínlẹ̀ yín jíròrò pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ lò ó kí ìyá tí ń tajà ní Bódìjà àti àgbẹ̀ tí ó wà ní Ṣakí lè gbọ́ ohun tí ẹ ń ṣe lórúkọ wọn. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ tún òfin ilẹ̀ yìí ṣe, ẹ béèrè pé obìnrin mélòó ni ó wà nínú ìgbìmọ̀ náà, bí wọ́n bá sì ní kò sí, ẹ má gbà.

Obìnrin ará Ìbàdàn kan fi ìgbà ọ̀dọ́ àti ìgbà àgbà rẹ̀ tú ìdì òfin fún wa. Ìdì náà ti tú sílẹ̀ báyìí, ó kù sí ọwọ́ wa kí a bẹ̀rẹ̀ kí a ṣà á. Òfin tí a bá mọ̀ ni ó lè gbà wá.